Bí Nọ́ńbà Ṣe Wọ Inú Ìtàn Ìdílé

"Ta ló sọ mí di ọkọ ìyá bàbá mi?" Bí àgbàlagbà kan ṣe béèrè nìyẹn níbi ìpàdé ẹbí kan ní Ìbàdàn, nígbà tó wo ìwé ìran tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ̀ jáde láti inú kọ̀ǹpútà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì kọ ọ́ lóòótọ́. Fáìlì méjì ni ọmọ náà dà pọ̀, tirẹ̀ àti èyí tí ìbátan wọn fi ránṣẹ́ láti London. Nínú tirẹ̀, nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fún bàbá yìí ni I12. Nínú ti London, bàbá tó bí bàbá rẹ̀ ni I12. Ètò kọ̀ǹpútà náà kò yí nọ́ńbà padà kó tó gbà á wọlé.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi wádìí. Àwa tí Táyé àti Kẹ́hìndé kún agboolé wa mọ̀ pé orúkọ nìkan kò tó dá ẹni mọ̀. Oríkì àti orúkọ ìyá ni àwọn àgbà fi ń ya Táyé kan sọ́tọ̀ lára Táyé kejì. Àwọn òyìnbó mú nọ́ńbà, wọ́n sì ń jà títí dòní lórí ẹni tó ni ín. Àwọn Faransé ń pè é ní nọ́ńbà Sosa, nítorí Jerónimo de Sosa, àlùfáà ará Sípéènì tó lò ó ní 1676. Àwọn Jámánì ń fi orúkọ Stephan Kekulé von Stradonitz pè é, ọmọ August Kekulé onímọ̀ kẹ́mísìrì, torí òun ló tàn án kálẹ̀ ní 1898. Bẹ́ẹ̀ Michaël Eytzinger ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní Cologne láti 1590! Eytzinger ni èmi gbè lẹ́yìn.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: ẹ̀yin ni 1, bàbá yín ni 2, ìyá yín ni 3. Ìlọ́po méjì nọ́ńbà ẹnikẹ́ni ni ti bàbá rẹ̀. Ẹ fi ẹyọ kan lé e, ó di ti ìyá rẹ̀. Bí ẹ bá rí 13, ìyá tó bí bàbá ìyá yín nìyẹn. Ó dùn mọ́ mi gan-an. Ṣùgbọ́n 13 yín lè jẹ́ 5 lọ́dọ̀ ìbátan ìyá yín, àbúrò bàbá yín kò sì ní nọ́ńbà rárá, bẹ́ẹ̀ ni orogún ìyá yín.

Nọ́ńbà inú kọ̀ǹpútà yàtọ̀ sí ti Eytzinger. Ní 1984 ni Ìjọ Mormon ní Utah gbé ìlànà fáìlì GEDCOM jáde, kí àwọn ètò kọ̀ǹpútà lè máa gba ìtàn ìdílé lọ́wọ́ ara wọn. I12 inú rẹ̀ kò nítumọ̀ kọjá fáìlì tó wà. Ètò tó dáa a máa fún àwọn àlejò ní nọ́ńbà tuntun. Àmọ́ bí London bá tún fi fáìlì kan náà ránṣẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, báwo ni ètò náà yóò ṣe mọ̀ pé àwọn ẹni àná ló padà dé? Ìdí nìyí tí Personal Ancestral File, ètò ìjọ náà fúnra rẹ̀ tí wọ́n ti dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2013, fi máa ń kọ àmì ìdánimọ̀ _UID sára ẹnì kọ̀ọ̀kan: àmì 32, àti mẹ́rin tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ètò mìíràn gbà á. Ní 2021, GEDCOM 7.0 gba UID wọ inú ìlànà rẹ̀.

Síbẹ̀, bí ìbátan méjì tí kò mọra bá kọ bàbá ńlá kan náà sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, UID méjì ni yóò ní. Orúkọ àti ọdún ìbí ni kọ̀ǹpútà yóò fi wò ó, bẹ́ẹ̀ ọdún tí a fojú bù ni ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa ní. Ẹnu àwọn àgbà ni ìdáhùn wà, mo sì ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń tẹ bọ́tìnnì láti sọ ẹni méjì di ọ̀kan láìpe àgbà kankan lórí fóònù.