Ìlú tí iná rẹ̀ kò gbọdọ̀ kú: ohun tí mo rí nínú ìwé «Le Passage»

Lọ́dún yìí, mo mú ìwé kan wọ kíláàsì àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lọ́dọ̀ wa: «Le Passage» tí Justin Cronin kọ. Ará Amẹ́ríkà ni, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́ ní 2010, Faransé ni àwa fi kà á. Ìwé ńlá ni, ó lé ní 700 ojúewé. Ọ̀rọ̀ kan ló kọ́kọ́ dá wa dúró: «vampire». Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá. Kíláàsì hó: «Àjẹ́ ni!» Mo ní rárá o.

Àjẹ́ tiwa, ènìyàn alààyè ni. Ó ń gbé láàárín wa, ó ń bá wa jẹun, ó ní ìyá, ó ní orúkọ. Vampire tí àwọn òyìnbó ń sọ, òkú ni látilẹ̀ wá: òkú tó jí kúrò nínú sàréè lóru láti wá mu ẹ̀jẹ̀ alààyè. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ti wà lẹ́nu àwọn ará Yúróòpù, pàápàá lápá ìlà-oòrùn, kí Bram Stoker tó kọ «Dracula» ní 1897. Ní 1954, Richard Matheson kọ èyí tí Faransé ń pè ní «Je suis une légende», ó sì yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ó ní àrùn ni, kòkòrò tí ojú kò rí ló ń fà á, ó sì lè ran gbogbo ayé. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló kù nínú ìwé tirẹ̀, tó ti fi pákó kan fèrèsé ilé rẹ̀ pa. Ọ̀nà yìí náà ni Cronin gbà, àmọ́ kì í ṣe ẹnì kan ló kù nínú tirẹ̀, ìlú kan ni. Àwa fohùn ṣọ̀kan pé «amùjẹ̀» la ó máa pè wọ́n. Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́.

Báyìí ni ìtàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rí àrùn kan nínú igbó Bolivia. Àwọn ológun Amẹ́ríkà rò pé bí àwọn bá lè tọ́ ọ sọ́nà, ọgbẹ́ á máa jinná kíákíá, ẹ̀mí á sì gùn. Lórí òkè kan ní Colorado, ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ gún ọkùnrin 12 tí kóòtù ti dá ẹjọ́ ikú fún. Kí ló dé tó jẹ́ àwọn yẹn? Torí wọ́n gbà pé kò sẹ́ni tó máa béèrè wọn. Lẹ́yìn wọn ni wọ́n wá ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan lọ, Amy, tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn sístà ní Memphis. Sístà tó gba ọmọ náà, Lacey, ọmọ Sierra Leone ni. Ẹ ò rí i pé ọmọ ilẹ̀ wa níhìn-ín wà níbẹ̀! Ojú rẹ̀ ti rí ogun láti kékeré, òun ló sì tètè fura ju gbogbo wọn lọ. Àwọn 12 yẹn já. Amẹ́ríkà sì bàjẹ́ láàárín àkókò díẹ̀.

Ìwé náà wá fo nǹkan bí 90 ọdún. Ó gbé wa lọ sí ìlú kékeré kan lórí òkè ní California, tí wọ́n mọ odi yí ká. Àwọn tó kọ́kọ́ gbé ibẹ̀, ọmọdé ni púpọ̀ nínú wọn: wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ ojú irin láti Philadelphia, àwọn òbí wọn sì dúró sẹ́yìn. Ìyá àgbà kan ṣì wà nínú ìlú náà tó rántí ọkọ̀ ojú irin yẹn.

Ohun tó ń dáàbò bo ìlú náà ni iná. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á tan iná ńláńlá sórí odi títí ilẹ̀ á fi mọ́, torí àwọn amùjẹ̀ kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ tí atẹ́gùn ń yí ló ń mú kùrán wá, bátìrì ló sì ń gbà á pamọ́. Michael, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú iná, ti rí i pé àwọn bátìrì náà ti gbó. Ẹ̀yin tí ẹ ní sólà nílé mọ ohun tí mò ń sọ: ọdún kìíní, iná á tàn dé àárọ̀, bó bá yá, agogo mẹ́wàá alẹ́ kò ní lù kó tó kú. Irú rẹ̀ náà ni, àfi pé níbi tí mò ń wí yìí, ọjọ́ tí iná bá kú ni gbogbo ìlú kú. Èèyàn díẹ̀ ló mọ̀. Wọn kò sọ fún ìlú.

Níbí ni kíláàsì mi ti fẹ́ dìjà. Ọmọbìnrin kan ní ó dára bí wọn kò ṣe sọ, pé bí ìlú bá gbọ́, wọ́n á pa ara wọn kí iná tó kú. Ẹlòmíràn ní irọ́ ni, pé ẹni tí kò mọ̀ pé omi kànga ń gbẹ kò ní gbẹ́ òmíràn. Èmi wà lẹ́yìn ẹni kejì yìí, mo sì sọ ọ́ fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olùkọ́ kì í sábà gbè sẹ́yìn ẹnì kan.

Nǹkan mìíràn tó dun èmi olùkọ́ ni ti àwọn ọmọ. Nínú ìlú yẹn, ilé kan wà tí wọ́n ń tọ́ gbogbo ọmọdé sí. Wọn kì í sọ ohunkóhun fún wọn nípa ohun tó wà lẹ́yìn odi. Àwọn ọmọ náà gbà pé bí ayé ṣe rí nínú ilé yẹn ni ó rí níbi gbogbo. Ọjọ́ tí ọmọ bá pé ọdún mẹ́jọ ni Tíṣà máa mú un jókòó, tí á sọ òótọ́ fún un, tí ọmọ náà á sì sunkún jáde lọ bá àwọn òbí rẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ta ló máa fẹ́ ṣe iṣẹ́ Tíṣà yẹn. Kò sẹ́ni tó nawọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí kò jẹ́ kí n tètè sùn. Ẹni tí àwọn amùjẹ̀ bá gbé lọ tí kò kú, ilé ló máa ń padà sí. Nítorí náà, ìbátan rẹ̀ ni ìlú máa ní kó dúró lórí odi lóru, pẹ̀lú ohun ìjà, kó máa retí rẹ̀. Peter dúró de ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, Amy dé ìlú náà. Ó ti tó 100 ọdún, ojú ọmọ ọdún 15 ló ní. Ohun kékeré kan wà lábẹ́ awọ ọrùn rẹ̀ tó fi ọ̀nà Colorado hàn wọ́n, Peter àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbéra. Lójú ọ̀nà, wọ́n bá ìlú mìíràn pàdé ní aṣálẹ̀ Nevada. Oúnjẹ wà, omi wà, kò sódi, ẹ̀rù kò sì ba ẹnikẹ́ni. Wọ́n rò pé wọ́n ti rí ibi ìsádi. Àlàáfíà yẹn ní owó tí wọ́n ń san: nígbàkígbà tí oṣù tuntun bá lé, wọ́n ń fi màlúù àti ènìyàn fún ọ̀kan nínú àwọn 12 ọjọ́un. Gbogbo ìlú ló mọ̀, wọ́n sì ń sùn.

Mi ò ní sọ bí wọ́n ṣe jáde níbẹ̀, tàbí bóyá gbogbo wọn ló jáde. Ìwé méjì ló tẹ̀lé e, «Les Douze» àti «La Cité des miroirs». Èkejì ni mo ń kà lọ́wọ́. Ẹ̀dà «Le Passage» kan ṣoṣo la ní. Ẹni tó bá fẹ́ yá a, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ ya ojúewé rẹ̀.