Mársì àti Kòtò Jezero: Ìtọ́nà fún Ará Lekki àti Ajah

ORÍSUN. Mársì ló tẹ̀lé ayé wa bí a bá ń jìnnà sí oòrùn. Òkúta ńlá kan láti òfuurufú ló gbẹ́ kòtò Jezero síbẹ̀. Ó lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta ọdún sẹ́yìn tí odò ṣàn wọ inú rẹ̀, tó di adágún.

ÌWỌ̀N. Kìlómítà 45 ni ìbú Jezero, bí ẹni fò tààrà láti Ajah dé Ẹ̀pẹ́.

Ẹ̀RỌ. Perseverance, ọkọ̀ àjọ NASA, gúnlẹ̀ sínú kòtò Jezero ní 18 Èrèlé 2021. Ingenuity, hẹlikópítà kékeré tó bá a lọ, fò nígbà 72 kó tó ṣẹ́ lápá ní 18 Ṣẹ́rẹ́ 2024.

ỌJỌ́ TÍ MÁRSÌ YÓÒ TÀN JÙ. Bí oṣù 26 síra wọn ni:
- 19 Èrèlé 2027: ó jìnnà tó mílíọ̀nù 101 kìlómítà. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, èyí ni kí ẹ dì mú.
- 25 Ẹrẹ́nà 2029: mílíọ̀nù 97. Òjò àkọ́rọ̀ lè ti dé. Alẹ́ tó tẹ̀lé òjò ló dára, torí eruku á ti wálẹ̀.
- 4 Èbìbí 2031: mílíọ̀nù 83.
- 27 Òkúdù 2033: mílíọ̀nù 63. Apá òkun ni yóò fì sí, ṣùgbọ́n àsìkò òjò ńlá ni.
- 15 Ọwẹ́wẹ̀ 2035: mílíọ̀nù 57. Kò ní sún mọ́ wa tó báyìí nínú èyíkéyìí lókè yìí, àmọ́ òjò ṣì wà nílẹ̀.

BÍ A ṢE Ń WÒ Ó NÍ 2027. Ní aago 8 alẹ́, ẹ kọjú sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Mársì pọ́n, kì í sì í ṣẹ́jú bí ìràwọ̀. Júpítà yóò wà nítòsí rẹ̀: òun ló mọ́lẹ̀ jù, funfun ni, ẹ má ṣì í mú. Kì í ṣe Àgùàlà, torí Àgùàlà kì í dúró lókè orí lóru. Ìdájí ni tirẹ̀ lóṣù náà. Ní nǹkan bí aago 1 òru, Mársì á wà lókè orí, á fì díẹ̀ sí apá ọ̀sà. Ní òwúrọ̀, á wọ̀ lápá Victoria Island. Òṣùpá yóò kún ní òru 20 mọ́jú 21, nítorí náà ẹni tó ń fẹ́ òkùnkùn kó dúró di ìparí oṣù.

ÌMỌ̀RÀN.
- Ẹ pa gílóòbù ìta fún ìṣẹ́jú 20. Ojú á mọ́ òkùnkùn, owó iná á sì dínkù.
- Orí dẹ́kìn tàbí àgbàlá ilé tó. Ẹ má kó ọmọdé lọ sétíkun lóru.
- Ẹ má tìtorí èyí ra awò olówó ńlá. Awò ìràwọ̀ kékeré kò lè fi kòtò Jezero hàn, àfi àbàwọ́n dúdú Syrtis Major tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí Christiaan Huygens yà ní 1659. Ọ̀fẹ́ ni àwòrán Perseverance lórí íntánẹ́ẹ̀tì NASA.
- Kí ọjọ́ Mársì tó pé, ní ìrọ̀lẹ́ 6 Èrèlé 2027, òṣùpá yóò bo oòrùn, yóò ku òrùka ìmọ́lẹ̀. Ẹ má fi ojú lásán wò ó. Ẹ gún ihò kékeré sára páálí, kí ẹ wo àwòrán oòrùn tó bá bọ́ sílẹ̀.

TÒSÍ. Adágún Bosumtwi, nítòsí Kumasi ní Ghana, wà nínú kòtò tí òkúta òfuurufú gbẹ́ bíi Jezero: kìlómítà 10.5 ni ìbú kòtò náà, ó sì ti tó mílíọ̀nù ọdún kan.