Fíìmù adẹ́rùbani: ṣé kò yẹ kí wọ́n máa kìlọ̀ fún wa kó tó bẹ̀rẹ̀?

Ní Adja-Ouèrè, Ikpinlè, Massè àti àwọn abúlé tó yí wọn ká, fíìmù Yorùbá láti Nàìjíríà kì í ṣe nǹkan àjèjì. Ẹnubodè ò jìnnà sí wa, a sì gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Nígbà kan, kásẹ́ẹ̀tì àti CD ló ń gbé e wọlé. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ á gbé fóònù rẹ̀ lọ bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń kó orin àti fíìmù sí mẹ́mórì lọ́jà, á san owó péréte, á sì gba fíìmù mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ fíìmù nìkan ló máa rí. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé wọ́n bẹ́ orí ènìyàn nínú èyí, pé wọ́n fi ọmọ ọwọ́ ṣe oògùn owó nínú ìyẹn.

Tí ilẹ̀ bá wá ṣú, ilé kan ló ní tẹlifíṣọ̀n, gbogbo agbo ilé ló máa wá wò ó. Ìyá àgbà wà níbẹ̀, ọmọ ọdún márùn-ún náà wà níbẹ̀. Ibi tí àgbàlagbà ti ń rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ lọmọdé ti ń di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Ẹ̀yin ìyá ọmọ mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé e: ọmọ ò ní fẹ́ dá sùn mọ́, kò sì ní lè dá jáde lọ tọ̀ lóru.

A ò sọ pé kí wọ́n má ṣe irú fíìmù bẹ́ẹ̀ mọ́ o. Àwọn tó wo Kòtò Ayé ti Yekini Ajileye ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí dòní. Living in Bondage, tí wọ́n ṣe lédè Ígbò lọ́dún 1992, ìtàn ọkùnrin tó pa ìyàwó rẹ̀ nítorí owó ni, tí òkú obìnrin náà sì ń yọ sí i. Fíìmù yẹn wà lára ohun tó sọ òwò fíìmù Nàìjíríà di ńlá. Ẹ̀rù náà wà lára adùn rẹ̀. Ohun tó ń dùn wá ni pé ẹ̀rù ọ̀hún ń ká ènìyàn mọ́lé láìsọ tẹ́lẹ̀.

Òótọ́ ni pé òfin wà. Láti ọdún 1993 ni òfin Nàìjíríà ti dá àjọ NFVCB sílẹ̀ láti máa yẹ fíìmù wò, kó sì sọ ọjọ́ orí tó yẹ kó wò ó: 12, 15, 18. Àmọ́ ara páálí CD ni nọ́mbà náà wà, tàbí kó yọ fìrí níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó da fíìmù kọ sí mẹ́mórì ò da páálí kọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní dẹkódà tó ń gbé tẹlifíṣọ̀n Faransé, ẹ ó ti rí nọ́mbà kékeré tó máa ń wà ní igun: 10, 12, 16, 18. Ọdún 1996 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú àmì ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Ó dára, torí ẹni tí kò kàwé pàápàá mọ nọ́mbà, owó ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nọ́mbà ò sọ ohun tó wà nínú fíìmù.

Ọ̀rọ̀ náà sì lè ju àìsùn ọmọdé lọ. Lọ́dún 1999, Helen Ukpabio, oníwàásù ní Nàìjíríà, gbé fíìmù kan jáde tó ń jẹ́ End of the Wicked. Wọ́n fi àwọn ọmọdé hàn nínú rẹ̀ tí wọ́n di àjẹ́, tí wọ́n ń ṣe àwọn òbí wọn níbi. Àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọdé ní irú fíìmù yìí wà lára ohun tó ń mú kí wọ́n máa pe ọmọ ọlọ́mọ ní àjẹ́, kí wọ́n sì lé e sígboro. Obìnrin náà ò gbà. Ó ní ìtàn àròsọ ni. Lọ́dún 2008, ìpínlẹ̀ Akwa Ibom ṣe òfin tó ń fìyà jẹ ẹni tó bá pe ọmọdé ní àjẹ́. Tó bá jẹ́ àròsọ lóòótọ́, kí ló burú nínú kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún aráàlú kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀?

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, àjọ NFVCB kéde òfin tuntun tó lòdì sí fífi oògùn owó ṣe fújà nínú fíìmù. Lójú tiwa, ìkìlọ̀ sàn ju ìfòfindè lọ. Fíìmù tí wọ́n bá fòfin dè, inú mẹ́mórì náà ló máa gbà wọlé.

Ohun tá a fẹ́ kò tóbi. Kí ohùn kan sọ ọ́ lédè Yorùbá níbẹ̀rẹ̀ fíìmù pé ìpànìyàn wà nínú rẹ̀, pé eré ni, pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún báyìí má wò ó. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, kò sì ní ná àwọn tó ń ṣe fíìmù ní nǹkan kan. Àwọn kan á ní ìkìlọ̀ yẹn gan-an ló máa mú kí àwọn ọ̀dọ́ sáré wò ó. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ ogún ọdún lè yàn fúnra rẹ̀, ọmọ ọdún márùn-ún ò lè yàn. Ẹni tó di rìmóòtù mú la ń bá sọ̀rọ̀.

Kí àwọn tó ń ṣe fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó fíìmù sí mẹ́mórì fún wa lọ́jà, ẹ bá wa ya ti ọmọdé sọ́tọ̀. Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé kí ló wà nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ tó sanwó.