Ọbẹ̀ Àtẹ́ Bàbá

Ní Wamakko ní ìpínlẹ̀ Sokoto, irú tiwa ni àwọn Haúsá ń pè ní daddawa. Àwo ọbẹ̀ tó bá ń ta sánsán lọ sílé aládùúgbò ti kí i kí ẹnu wa tó kí i. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pa Abu Dharr láṣẹ pé bí ó bá se ọbẹ̀, kí ó bomi sí i, kí ó sì bù fún aládùúgbò.

Bàbá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru wá ń kọ́? Ọbẹ̀ àtẹ́ tirẹ̀ yà sọ́tọ̀ nígbà ìṣínu. Kì í bá ọmọ tọwọ́ bọ àwo mọ́.

Ní Japan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Homei Miyashita àti ilé-iṣẹ́ Kirin ṣe ṣíbí oníná kan, tó dé ọjà ní oṣù karùn-ún ọdún 2024. Iná díẹ̀ tó ń rán sí ahọ́n ń kó èròjà iyọ̀ inú ọbẹ̀ jọ síbẹ̀, kí iyọ̀ kékeré lè dà bí púpọ̀. Agbáyun tiwa náà ń sọ ọsàn kíkan di dídùn.

Ṣùgbọ́n ahọ́n ẹnì kan ni ṣíbí ń bá sọ̀rọ̀. Ìkòkò ló ń bá gbogbo ilé sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí a dín iyọ̀ àti mágí ìkòkò náà kù fún tọmọdé tàgbà, kí irú tí kò níyọ̀, ata àti àlùbọ́sà gbé adùn rẹ̀ ró. Bàbá yóò sì padà sídìí àwo. Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà. Àmín.