Ohùn Gìtá Tí Ó Wúwo Bí Irin

Orin kì í gba ọ̀nà kan náà wọ etí ènìyàn. Òmíràn a máa rọra wọlé bí àlejò tí ó mọ ìwà hù. Òmíràn a sì máa ti ilẹ̀kùn wọlé gìrìgìrì láìkágò. Irú èyí ẹ̀yìn yìí ni orin tí àwọn Òyìnbó ń pè ní heavy metal, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ irin wíwúwo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ariwo ni ó sọ ọ́ di wíwúwo, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ariwo ni, ẹ̀rọ ìlọta inú ọjà ì bá ti di olórin. Ohùn gìtá kan báyìí ni ó wà ní ìdí rẹ̀, ohùn tí ń kùn bí agbo oyin nísàlẹ̀, tí ó sì ń bú ramúramù lókè. Ẹ jẹ́ kí a wádìí ibi tí ohùn náà ti ṣẹ̀ wá, kí a tó wo bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní gìtá oníná ṣe lè mú un jáde nínú yàrá rẹ̀. Nítorí ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó bí ohùn yìí yóò ná owó púpọ̀ lórí ohun èlò, ohùn náà kò sì ní jáde.

Ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wá, ìlú tí a ti mọ̀ mọ́ iṣẹ́ irin láti ọjọ́ pípẹ́. Ní àdúgbò Aston nínú ìlú náà ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin ti dàgbà: Tony Iommi tí ń ta gìtá, Geezer Butler tí ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, Bill Ward tí ń lùlù, àti Ozzy Osbourne tí ń kọrin. Black Sabbath ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn. Ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1970 ni àwo orin wọn àkọ́kọ́ jáde. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 2025 ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣeré ìdágbére ní pápá Villa Park, ní Aston níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Kò ju ọjọ́ 17 lọ lẹ́yìn náà tí Ozzy fi kú. Ṣùgbọ́n Iommi ni ọ̀rọ̀ wa kàn.

Ní ọdún 1965, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 17, iṣẹ́ jíjó irin mọ́ra ni Iommi ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ kan. Ó ti rí ẹgbẹ́ olórin tí yóò bá lọ sí ilẹ̀ Jámánì, ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ sì ti pé. Ó lọ sílé lọ jẹun ọ̀sán, ó sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun kò ní padà mọ́. Ìyá rẹ̀ kọ̀. Ó ní kí ó lọ parí iṣẹ́ ọjọ́ náà bí ó ti yẹ. Ẹni tí ń lo ẹ̀rọ tí ń tẹ irin pẹlẹbẹ kò wá lọ́jọ́ náà, wọ́n sì fi Iommi sí ìdí ẹ̀rọ tí kò mọ̀ ọ́n lò. Ẹ̀rọ náà já lé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Bí ó sì ti fa ọwọ́ yọ, orí ìka àárín àti orí ìka òrùka rẹ̀ gé kúrò. Ọlọ́wọ́ òsì ni Iommi. Òsì ni ó fi ń ta okùn, ọ̀tún ni ó sì fi ń tẹ okùn mọ́ ọrùn gìtá. Ọwọ́ tí a kò lè ṣe aláìní gan-an ni jàǹbá náà bá.

Àwọn dókítà sọ fún un pé kí ó gbàgbé gìtá. Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ ni ó mú àwo orin Django Reinhardt wá fún un, ọkùnrin olókìkí tí iná jó ọwọ́ òsì rẹ̀ ní ọdún 1928, tí ó sì jẹ́ pé ìka méjì ni ó fi ń sáré lórí okùn. Bí Iommi ti gbọ́ ìtàn yìí, ó mú ìgò ike ọṣẹ ìfọbọ́, ó yọ́ ọ nínú iná, ó fi irin gbígbóná dá a lu kí ó lè wọ ìka, ó sì ha á títí ó fi bá ọwọ́ mu. Ike nìkan a máa yọ̀ lórí okùn, nítorí náà ó gé awọ láti ara ẹ̀wù awọ kan tí ó ti gbó, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lórí. Ìdérí ìka méjì yìí ni ó fi padà sídìí gìtá.

Ìṣòro kejì wá dìde. Okùn gìtá ayé ìgbà náà nípọn, ó sì le. Ẹni tí kò ní orí ìka kò lè tẹ̀ ẹ́ pẹ́ kí ìrora má mú un. Iommi ra okùn bánjò tí ó fúyẹ́, ó sì fi í sí ipò àwọn okùn òkè. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn. Nínú àwo orin wọn kẹta, Master of Reality, tí ó jáde ní ọdún 1971, àwọn orin kan wà tí ó dẹ okùn wọn títí ohùn fi sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n irin ìdábùú mẹ́ta lára ọrùn gìtá. Ẹni tí ó bá mọ ìlù dùndún kò ní rí èyí bí ohun àjèjì: bí a bá fún ọṣán, ohùn a lọ sókè, bí a bá dẹ ọṣán, ohùn a wálẹ̀. Okùn tí ó nípọn jù lára gìtá a máa gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 82 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí Iommi dẹ̀ ẹ́, nǹkan bí ìgbà 69 ni ó ń gbọ̀n. Ó dà bí ẹni pé ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí a bá pín agbára tí okùn fi ń fà tẹ́lẹ̀ sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 71 péré ni ó kù. Ara tu ìka tí ó gbọgbẹ́, ohùn sì di ńlá. Geezer Butler náà dẹ ti tirẹ̀, àwọn méjèèjì sì jùmọ̀ wálẹ̀.

Ọgbẹ́ yìí kan náà ni ó mú kí ó fẹ́ràn títẹ okùn méjì pọ̀ ju títẹ ọ̀pọ̀ okùn lọ. Níhìn-ín ni ohun ìyanu kan wà. Bí okùn kìíní bá ń gbọ̀n ní ìgbà 82, a máa ń yan èkejì tí yóò gbọ̀n ní ìgbà 123, èyí ni ìwọ̀n méjì sí mẹ́ta. Bí ohùn méjèèjì bá wọ inú ẹ̀rọ tí ń fọ́ ohùn, ohùn kẹta a yọ jáde tí ẹnikẹ́ni kò ta: ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn, ìgbà 41. Òun ni ó dà bí ẹni pé ilẹ̀ ń mì lábẹ́ orin. Bí a bá sì fi okùn kẹta tí kò bá ìwọ̀n yìí mu kún un, àwọn ohùn tí a kò pè yóò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn yóò fi máa jà láàárín ara wọn.

Kí ni a ń pè ní fífọ́ ohùn? Lábẹ́ okùn gìtá oníná ni òòfà wà tí a fi wáyà tín-ín-rín wé. Bí okùn ti ń gbọ̀n lókè rẹ̀ ni iná kékeré ń rú nínú wáyà náà, tí ó sì ń sáré lọ sí ẹ̀rọ tí ń sọ ohùn di ńlá, èyí tí àwọn olórin ń pè ní áńpù. Nínú áńpù ayé ìgbà náà, fáàfù ni ó ń ṣiṣẹ́, ohun kan tí ó jọ gílóòbù iná. Fáàfù ní ìwọ̀n tí ó lè gbé. Ìgbì ohùn tí ó bá ga ju ìwọ̀n náà lọ, yóò ré orí rẹ̀ bí ẹni fi ọkọ́ ré orí ebè. Láti ibi tí ó ti ré e ni ọ̀pọ̀ ohùn kéékèèké ti ń bẹ́ sílẹ̀, tí ohùn okùn kan ṣoṣo fi ń dún bí ti ogún. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ kí oníwàásù pariwo ju bí gbohùngbohùn rẹ̀ ti lè gbé lọ ti gbọ́ irú rẹ̀ rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti oníwàásù kì í dùn.

Áńpù Laney ni Iommi lò, tí wọ́n ń ṣe ní Birmingham níbẹ̀, tí agbára rẹ̀ tó 100 wáàtì. Gìtá Gibson SG ni ó sì fi ta púpọ̀ nínú àwo orin àkọ́kọ́, nítorí èyí tí ó gbé wá ṣáájú bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Àárín gìtá àti áńpù ni àpótí kékeré kan wà tí ń jẹ́ Rangemaster, tí taransísítọ̀ kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ àpótí yìí ni kí ó gbé ohùn òkè ga kí ó tó dé áńpù, kí ó sì fi ohùn ìsàlẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà. Kíyè sí i dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Ẹni tí ó fẹ́ ohùn wúwo a máa sáré yí ohùn ìsàlẹ̀ sókè pátápátá. Áńpù a sì fọ́ ọ títí ohùn yóò fi di ẹrẹ̀. Ohùn òkè ni kí a fi bọ́ fáàfù. Ìwúwo yóò ti ẹ̀yìn wá, láti inú okùn méjì tí a tẹ̀ pọ̀ àti láti ọ̀dọ̀ onígìtá olóhùn ìsàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wọ inú yàrá. Gìtá oníná èyíkéyìí tó láti bẹ̀rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ra okùn tí ó fúyẹ́. Wọ́n ń ta irú èyí tí okùn rẹ̀ tín-ín-rín jù kò nípọn ju ìdá 8 tàbí 9 nínú 1,000 ínǹṣì lọ. Kí ó má yára dẹ okùn, nítorí púpọ̀ nínú orin ọdún 1970 ni a ta láìdẹ okùn rárá. Kí ó wá àpótí tí ń gbé ohùn òkè ga, èyí tí kò wọ́n púpọ̀, kí ó sì fi í síwájú áńpù kékeré. A kò nílò 100 wáàtì nínú ilé. Áńpù tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá òmíràn, bí ìlọ́po méjì ni etí wa ń gbọ́ ọ. Èyí ni pé áńpù wáàtì 5 ṣì lè mú kí àwọn ará ilé kejì wá kàn ilẹ̀kùn. Bí áńpù onífáàfù bá bàjẹ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe tú u wò. Iná tí ó ju 400 fóòtì lọ lè wà nínú rẹ̀, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri.

Ẹni tí kò ní áńpù, tí ó sì ní kọ̀ǹpútà, lè lo ètò tí ń ṣe bí áńpù. Òmíràn wà tí a kò ní san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ohun kan ni kí ó má gbàgbé. Sípíkà gìtá, tí ó sábà máa ń fẹ̀ tó ínǹṣì 12, kì í gbé ohùn tí ó ga jù jáde. Ó ń sẹ́ gbogbo èyí tí ó lè gún etí kúrò. Bí a bá fi ohùn fífọ́ sínú sípíkà ilé tàbí ìgbọ́hùn tí a ń dé sórí láìsí irú asẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò máa kùn bí agbọ́n inú agolo, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì máa bú gìtá rẹ̀ lásán. Nítorí náà kí ó yan ètò tí ó ní àwòkọ sípíkà nínú.

Ọ̀rọ̀ etí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ohùn tí ó tó dẹ́síbẹ̀lì 85, wákàtí 8 lóòjọ́ ni a ní kí ènìyàn má kọjá nínú rẹ̀. Bí ó bá fi 3 lé sí i, àkókò náà a dín sí ìlàjì, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Bí etí bá ń hó lẹ́yìn tí a ti gbé gìtá sílẹ̀, ohùn náà ti pọ̀ jù.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dá nìkan ta gìtá rẹ̀, tí ó sì wò ó pé ohùn náà rọ ju ti inú àwo lọ, kí ó má tíì ra nǹkan mìíràn. Nínú àwo, gìtá Butler ń tẹ̀ lé ti Iommi lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀, òun ni ó sì ru ìdajì ẹrù náà. Kí ó fi orin olóhùn ìsàlẹ̀ sí abẹ́ tirẹ̀, kí ó tún gbọ́ ọ. Lẹ́yìn èyí, kí ó tẹ okùn méjì pọ̀, kí ó ta wọ́n lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n dún lọ. Bí wọ́n ti ń dún, kí ó rọra yí kókó ohùn tí ó wà lára gìtá sẹ́yìn. Ó yẹ kí fífọ́ ohùn náà máa dínkù, kí a sì máa gbọ́ okùn méjèèjì ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ó bá ṣì ń kùn bákan náà, áńpù ti ń fọ́ ohùn ju bí ó ti yẹ lọ. Kí ó yí ti áńpù sẹ́yìn díẹ̀, kí ó sì tún un ta.