Ìdókòwò lórí Ohun Alálòpẹ́ nínú Ọrọ̀-Ajé Nàìjíríà

Àgbẹ̀ tí ó ta iṣu rẹ̀ tán lè fi owó náà jẹun, ó lè fi í pamọ́, ó sì lè fi ra ọkọ́ àti àdá tàbí kí ó fi kọ́ abà sí oko. Ohun kẹta yìí ni ìdókòwò lórí ohun alálòpẹ́. Ilé, ọ̀nà, afárá àti ẹ̀rọ ni irú wọn lọ́dọ̀ orílẹ̀-èdè: ohun tí a kì í lò tán lọ́dún kan, tí ó sì ń mú ọrọ̀ mìíràn jáde. Ilẹ̀ lásán kò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n igi kòkó tí a gbìn sórí ilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, àwọn baba wa tí wọ́n gbin kòkó, tí wọ́n sì fi ọdún bíi márùn-ún retí èso rẹ̀, kò dúró de ìwé kí wọ́n tó mọ ìdókòwò.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìsédò Kainji lórí odò Ọya. Ọdún 1964 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ó parí ní 1968, wọ́n sì ṣí i ní 1969. Owó ń jáde lọ́dọọdún, iná kò sì tíì tàn. Ẹ̀rọ mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sí i, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́gáwáàtì 80. Ní 1976 wọ́n fi méjì kún un, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 100; ní 1978 wọ́n tún fi méjì kún un, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 120. Báyìí ni 320 ṣe di 760, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún odò náà sé. Iṣẹ́ àtijọ́ ni ó mú kí tuntun dínwó. (Àwọn tí ó lé ní 40,000 ni omi náà lé kúrò nílé baba wọn, ìṣirò ìdókòwò kì í sọ ìyẹn.)

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo owó tí a ná ni ó ń di àlékún. Ohun gbogbo ń gbó. Bí a bá ná mẹ́wàá lọ́dún, tí ogbó sì jẹ mẹ́jọ, méjì péré ni ó kún ohun tí a ní. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Èkó ní 1896 jẹ́ ẹ̀rí: nígbà tí àtúnṣe dẹ́kun, ó ń dín kù bí ó tilẹ̀ wà nílẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀wọ́n ọjà náà ń tan ni jẹ. Ẹni tí ó bá fi náírà ọdún 1975 wé ti òde òní láìyọ ọ̀wọ́n kúrò yóò rò pé a ti kọ́lé dé ọ̀run.

Nígbà tí epo rọ̀bì wọ́n ní 1973 sí 1974, ìjọba náwó gidigidi. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1978, jẹ́ ọ̀kan nínú èso rẹ̀. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1980, irú ìnáwó yìí wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gé. Kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀: òṣìṣẹ́ tí a kò san owó rẹ̀ á pariwo, ṣùgbọ́n afárá tí a kò tíì kọ́ kò lẹ́nu. Ní Ajaokuta, níbi tí wọ́n dá iléeṣẹ́ irin sílẹ̀ ní 1979, owó tí a ná wọ inú ìṣirò ìdókòwò lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ ni iléeṣẹ́ náà kò tíì parí títí di òní.