Bí Ọmọ Bá Ní Òun Fẹ́ Ṣe Sójà

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí a máa dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Ọmọ á parí ìwé rẹ̀ tán, á ní òun fẹ́ ṣe sójà. Bàbá á dákẹ́. Ìyá á ká ọwọ́ lérí, á sunkún bí ẹni pé òkú ọmọ náà ni wọ́n gbé wọlé. Ta ni ó jàre nínú wọn?

Irọ́ ni pé kò sí èrè nínú iṣẹ́ ológun. Ẹni tí ó bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní Kàdúná, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1964, yóò lo ọdún márùn-ún níbẹ̀. Ìjọba ni yóò bọ́ ọ, tí yóò sì wọ̀ ọ́ láṣọ. Nígbà tí ó bá jáde, oyè ìmọ̀ ìwé á wà lọ́wọ́ rẹ̀, ipò ọ̀gá á sì wà léjìká rẹ̀. Ní ọdún 2011 ni wọ́n kọ́kọ́ gba àwọn ọmọbìnrin láti kọ́ iṣẹ́ ogun jíjà níbẹ̀. Ẹ má sì rò pé ìbọn yíyìn nìkan ni sójà ń ṣe: mẹkáníìkì wà láàrin wọn, nọ́ọ̀sì wà, awakọ̀ wà. Owó oṣù ń wọlé, owó ìfẹ̀yìntì sì ń bẹ níwájú.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọmọ kì í bèèrè. Bí o bá jẹ́ káfíńtà, tí ọ̀gá rẹ bú ọ lónìí, o lè kó irinṣẹ́ rẹ lọ́la kí o máa lọ. Sójà kò tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sá, òfin ológun yóò wá a kàn, ẹ̀wọ̀n sì lè tẹ̀ lé e. Ibi tí wọ́n bá rán an ni yóò lọ. Láti ọdún 2009 tí ogun Boko Haram ti bẹ̀rẹ̀, Borno ni wọ́n ń rán ọ̀pọ̀ wọn lọ. Ìyàwó rẹ̀ lè bímọ kí ó má sí nílé. Bàbá rẹ̀ lè kú kí ó má lè wá sin ín. Lójú tèmi, èyí wúwo ju ìbẹ̀rù ìbọn lọ.

Ẹ wo Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì. Ní ọdún 1943 ni ó wọ iṣẹ́ ológun, láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó di ọ̀gá ní 1954, ó lọ sí Kóńgò, ibẹ̀ ni ó sì ti di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba àmì akọni tí a ń pè ní Military Cross. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966 ó di gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn. Kí oṣù keje tó parí, àwọn ológun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti mú un ní Ìbàdàn pẹ̀lú àlejò rẹ̀, Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ kan náà tí ó gbé e ga ni ó mú un lọ ní ọmọ ogójì ọdún.

Ìwọ ọmọ tí o ti gba fọ́ọ̀mù pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, mú un jáde kí bàbá rẹ rí i. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, kò bi òbí rẹ̀ kí ó tó wọ iṣẹ́ náà ní 1942. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Wọ́n fi í sí àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn, wọ́n sì kó wọn lọ sí Bọ́má, tí a ń pè ní Myanmar nísinsìnyí. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ará Japan ká wọn mọ́ etí odò Kaladan. Ìbọn fọ́ egungun ẹsẹ̀ rẹ̀. Àgbẹ̀ kan, Shuyiman, gbé òun àti ẹnìkejì rẹ̀ tí ó wá láti Sàró pamọ́ sí ilé ara rẹ̀ títí ìrànlọ́wọ́ fi dé. Fadoyebo tiro wálé ní 1945, ó sì di òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní ọdún 2011, akọ̀ròyìn kan bá a mú lẹ́tà ọpẹ́ lọ sí abúlé náà. Shuyiman ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó gbà á. Ní ọdún kejì ni Fadoyebo náà kú.